Ta Ni í San Owó Ilé-Iṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tí a máa ń pè lójoojúmọ́ láìfi ọkàn sí bí a ti ṣe hun ún: ilé-iṣẹ́. Bí Yorùbá bá fẹ́ dárúkọ ẹgbẹ́ oníṣòwò ńlá, yálà èyí tí ń ṣe ọṣẹ ni o, tàbí èyí tí ń wa epo, ilé ni a máa ń fi pè é. A kì í bèèrè bóyá ilé náà wà tàbí kò sí. Láyé àtijọ́, nígbà tí àgbẹ̀dẹ wà lójúde agbo ilé alágbẹ̀dẹ, tí ahunṣọ ìlú Ìsẹ́yìn sì ń ta òfì rẹ̀ sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ baba rẹ̀, ilé àti iṣẹ́ kò jìnnà sí ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni yóò fi máa ṣe ìrìn wákàtí méjì láti inú ọ̀kan dé inú èkejì. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí ni ìtàn bí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣòwò ti gbìyànjú láti yọ ilé kúrò lára iṣẹ́, bí wọ́n ti rán òṣìṣẹ́ lọ sí ilé ara rẹ̀, bí wọ́n ti tún pè é padà, àti ẹni tí owó náà jáde lápò rẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ti ọdún 2020 ni ó bí àṣà yìí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ojú ọ̀nà ni àrùn náà bá a. Bí a bá ń wá orísun odò náà, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ó lọ, ní ọdún 1962, sí ìdí tábìlì ìjẹun obìnrin kan.

Stephanie Shirley ni orúkọ obìnrin náà. Ìlú Dortmund ní Jámánì ni a bí i sí ní 1933. Ní 1939, àwọn òbí rẹ̀ fi òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sínú ọkọ̀ ojú irin tí ń kó àwọn ọmọ Júù sá fún ìjọba Hitler. Ọmọ ọdún márùn-ún péré ni nígbà tí ó gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ àjèjì. Nígbà tí ó dàgbà, ó ṣiṣẹ́ ní ibi tí Ilé Ìfìwéránṣẹ́ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀ ní Dollis Hill, ibẹ̀ ni ó sì ti mọ kọ̀ǹpútà. Ó mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi hàn sí i pé kì í ṣe ìmọ̀ ni yóò dá òun dúró bí kò ṣe pé òun jẹ́ obìnrin. Ó fi iṣẹ́ oníṣẹ́ sílẹ̀, ó sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú owó pọ́n-ùn mẹ́fà. Freelance Programmers ni ó sọ ọ́. Iṣẹ́ wọn ni láti máa kọ ètò tí kọ̀ǹpútà yóò máa tẹ̀ lé. Àwọn ènìyàn fi í rẹ́rìn-ín, nítorí pé nígbà náà, ẹni tí ó bá ra ẹ̀rọ ni a ń fún ní ètò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bí ẹni fi èènì sí ọjà. Nígbà tí àwọn lẹ́tà tí ó ń kọ kò rí èsì, ọkọ rẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kí ó máa fi Steve buwọ́ lùwé dípò Stephanie. Èsì bẹ̀rẹ̀ sí wọlé.

Àwọn wo ni ó gbà síṣẹ́? Àwọn obìnrin tí wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yanjú, ṣùgbọ́n tí wọ́n ti kúrò lẹ́nu rẹ̀ nítorí ọkọ àti ọmọ. Nínú ọ̀ọ́dúnrún òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́, ọkùnrin mẹ́ta péré ni ó wà. Ẹ jẹ́ kí n sì rán yín létí pé nígbà náà, kọ̀ǹpútà kan lè gba odidi yàrá. Kò sí ẹni tí ó lè gbé e lọ sílé. Báwo wá ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Pẹ́ńsùlù àti bébà ni. Wọn a kọ ètò náà ní ìlà dé ìlà, wọn a tún un yẹ̀ wò títí ojú wọn yóò fi rí àṣìṣe tí ó sá pamọ́, wọn a sì fi í sínú àpò ìwé ránṣẹ́ sí ibi tí a ó ti gbé e fún ẹ̀rọ. Ìbéèrè pàtàkì tí Shirley máa ń bi ẹni tí ó bá wá iṣẹ́ ni pé, ǹjẹ́ tẹlifóònù wà nílé rẹ? Irú àwọn obìnrin báyìí, tí wọ́n jókòó sílé ara wọn, ni wọ́n kọ ètò fún àpótí tí ń ṣe àkọsílẹ̀ ìrìn ọkọ̀ òfuurufú Concorde, ọkọ̀ tí ó sáré ju ìró lọ.

Shirley fúnra rẹ̀ bí ọmọkùnrin kan ní 1963. Bí oníbàárà bá tẹ̀ ẹ́ láago, tí ọmọ sì wà nítòsí tí ó ń pariwo, ṣe ni yóò tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan tí ó ti gba ìró títẹ̀ táípù sínú rẹ̀, kí ẹni ọ̀hún lè rò pé ọ́fíìsì tí iṣẹ́ ti gbóná janjan ni òun ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn yìí, mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu mi. Ilé-iṣẹ́ tí kò ní ilé ni ó ní láti fi ariwo kọ́ ọ́fíìsì sí etí àwọn ènìyàn kí wọ́n tó gbà pé iṣẹ́ ni à ń ṣe níbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún pàdé irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ níwájú.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣírò owó náà. Shirley kò san owó ọ́fíìsì fún ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn. Bí òtútù bá mú, ilé-iṣẹ́ kọ́ ni ó ń ra èédú tí obìnrin kọ̀ọ̀kan fi ń yáná. Ilé-iṣẹ́ kọ́ ni ó ni tábìlì, òun kọ́ ni ó ni fìtílà tí ó ń tàn ní òru nígbà tí ọmọ bá ti sùn. Iṣẹ́ tí o bá ṣe ni a ó san owó rẹ̀ fún ọ. Èmi kò sọ pé ó rẹ́ wọn jẹ o. Ohun tí ó wà níwájú wọn nígbà náà kì í ṣe ọ́fíìsì tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àìríṣẹ́ ṣe rárá ni. Ó sì pín lára ilé-iṣẹ́ náà fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, débi pé nígbà tí ilé-iṣẹ́ ọ̀hún, tí ó ti ń jẹ́ FI Group nígbà náà, wọ ọjà ìpín ìdókòwò ní 1996, àádọ́rin nínú wọn di olówó mílíọ̀nù. Èyí tí ó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù lọ ni ti òfin ọdún 1975, tí ó de ìyàsọ́tọ̀ láàárín ọkùnrin àti obìnrin lẹ́nu iṣẹ́. Òfin tí a ṣe láti gba obìnrin sílẹ̀ ni ó mú kí Shirley máa ṣí ilẹ̀kùn fún ọkùnrin.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé Amẹ́ríkà, ẹnu ọ̀nà mìíràn ni ó gbà wọlé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dí ọ̀nà epo mọ́ Amẹ́ríkà, ọkọ̀ sì tò lọ rẹrẹ níwájú ilé epo. (Ọ̀wọ́n epo yẹn kan náà ni ó da owó sápò ìjọba tiwa, tí àwọn òṣìṣẹ́ fi rí owó Udoji gbà, ohun tí ó pa ẹnìkan lẹ́kún ni ó pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín.) Ọ̀gbẹ́ni Jack Nilles, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Yunifásítì Southern California, bèèrè ìbéèrè tí ó rọrùn: èé ṣe tí ẹgbàágbèje ènìyàn fi ń wa mọ́tò lọ sí àárín ìlú Los Angeles lójoojúmọ́ láti lọ tẹ tẹlifóònù àti láti lọ kọ ìwé? Òun ni ó dá ọ̀rọ̀ telecommuting sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ni pé kí iṣẹ́ máa gba ojú wáyà lọ, kí ènìyàn dúró. Ìwé tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1976.

Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan gbà kí ó dán an wò. Kì í ṣe inú ilé òṣìṣẹ́ ni ó gbé iṣẹ́ lọ, bí kò ṣe àwọn ọ́fíìsì kéékèèké tí ó sún mọ́ àdúgbò wọn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn a fi iṣẹ́ ọjọ́ náà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ńlá tí ó wà ní àárín ìlú. Iṣẹ́ pọ̀ sí i, àwọn tí ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ sì dín kù. Síbẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà kò tẹ̀ síwájú. Nilles ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn náà pé ẹ̀rù ni ó bà wọ́n: bí òṣìṣẹ́ bá fọ́n káàkiri, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lè máa mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ inú ẹgbẹ́. Kò pẹ́ tí ó bá ọ̀kan nínú àwọn olórí ìrònú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, ìyẹn náà sì ní ohun búburú gbáà ni: bí òṣìṣẹ́ bá fọ́n káàkiri, báwo ni a ó ṣe rí wọn kó jọ? Ọ̀gá ń bẹ̀rù, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń bẹ̀rù, nítorí ohun kan ṣoṣo.

Ẹ̀rù ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ìdí o. Ojú wọn ti rí iṣẹ́ abẹ́lé rí, nígbà tí àwọn obìnrin àti ọmọ wọn ń fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ títí di òru nínú yàrá tóóró fún owó tí kò tó nǹkan, títí ìjọba Amẹ́ríkà fi fi òfin de irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn iṣẹ́ aṣọ kan ní àwọn ọdún 1940. Nítorí náà ni àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ AFL-CIO ṣe bèèrè ní 1983 pé kí ìjọba fi òfin de iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nínú ilé pẹ̀lú, àfi fún àwọn abirùn. A kò gbọ́ tiwọn. Mo rò pé wọ́n ṣàṣejù, ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn kò kú.

Ìtàn ilé-iṣẹ́ IBM ni mo fẹ́ kí a farabalẹ̀ sí, nítorí pé gbogbo ọ̀rọ̀ náà ni ó ṣẹlẹ̀ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní 1979, ó gbé ẹ̀rọ sí ilé òṣìṣẹ́ márùn-ún tí ń ṣiṣẹ́ ní Santa Teresa ní California. Nígbà tí ó fi di 1983, wọ́n ti di nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì. Ní 2009, ó kéde pé nínú òṣìṣẹ́ bí 386,000 tí òun ní ní orílẹ̀-èdè 173, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ní ọ́fíìsì rárá. Ààyè ilé tí ó ti fi sílẹ̀ ti tó mílíọ̀nù 78 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin. Ó ta mílíọ̀nù 58 nínú rẹ̀, ó sì rí èrè dọ́là bílíọ̀nù 1.9 lórí rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà nìkan, nǹkan bí mílíọ̀nù 100 dọ́là ni kò jáde lápò rẹ̀ mọ́ lọ́dọọdún.

Kì í ṣe afẹ́fẹ́ ni gbogbo àga wọ̀nyẹn ń fò sí. Ẹni tí a gba àga lábẹ́ ìdí rẹ̀ ní ọ́fíìsì ti ní láti wá òmíràn fi sí ilé. Yàrá tí ìyàwó fẹ́ fi sí ìyá rẹ̀, ìwé àti wáyà ti gbà á. Owó tí ó wọlé wà nínú ìwé ìṣírò IBM. Owó tí ó jáde kò sí nínú ìwé ìṣírò ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan yí padà. Nígbà tí ó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, owó tí ń wọlé fún IBM ti ń dín kù fún ogún ìdá-mẹ́rin ọdún léra wọn. Ní ọdún náà ó pàṣẹ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n padà sí ọ́fíìsì. Àwọn mìíràn ní láti kó lọ sí ìlú mìíràn tàbí kí wọ́n wá iṣẹ́ mìíràn lọ. Yahoo ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ní 2013, lábẹ́ Marissa Mayer. Nínú méjèèjì, ìgbà tí ọjà kò tà mọ́ ni ọ̀gá rántí pé ojúkojú ni iṣẹ́ ti ń dùn.

Ìwádìí kan wà tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Owó ilé wọ́n ní ìlú Shanghai, ní Ṣáínà, níbi tí ilé-iṣẹ́ Ctrip ti ń bá ènìyàn gba ìwé ọkọ̀ òfuurufú àti yàrá hòtẹ́ẹ̀lì. James Liang, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá a sílẹ̀, àti Nicholas Bloom ti Yunifásítì Stanford pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mú nǹkan bí òjìlérúgba lé mẹ́sàn-án òṣìṣẹ́ tí ń dáhùn tẹlifóònù. Ọjọ́ ìbí ni wọ́n fi pín wọn: ẹni tí a bí ní ọjọ́ tí ó ṣeé pín sí méjì lọ sílé fún ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, àwọn yòókù dúró sí ọ́fíìsì. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣe é, láti òpin ọdún 2010. Iṣẹ́ àwọn ará ilé fi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i; àwọn tí ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ fi ìdajì dín kù; ilé-iṣẹ́ sì ń rí nǹkan bí 2,000 dọ́là fi pamọ́ lọ́dún lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ń yin iṣẹ́ inú ilé máa ń dúró síbẹ̀ nínú ìtàn náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka ìyókù. Lákọ̀ọ́kọ́, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó fẹ́ lọ ni a gbà: ó gbọ́dọ̀ ní yàrá tí yóò máa dá ṣiṣẹ́. Ta ni ó ń san owó yàrá náà? Ẹ̀wẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìdá 13 yẹn wá láti inú pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú púpọ̀ sí i, tí ìsinmi wọn dín kù, tí wọn kì í sì tètè gba ọjọ́ àìsàn. Bí a bá sì fi iṣẹ́ tí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n, ìgbéga kò tètè kàn wọ́n bí ó ti ń kan àwọn tí ọ̀gá ń fi ojú rí. Nígbà tí a fún wọn láyè láti tún yàn, nǹkan bí ìdajì wọn ni ó padà sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní àdánìkanwà náà pọ̀ jù.

Ti ọdún 2020 kò nílò àlàyé gígùn, gbogbo wa ni ó ṣojú rẹ̀. Pinterest san mílíọ̀nù 89.5 dọ́là ní ọdún náà kí ó lè bọ́ nínú àdéhùn ilé ńlá kan tí ó fẹ́ gbà ní San Francisco. Ẹ ro iye tí ilé náà ì bá jẹ, tí ó fi jẹ́ pé irú owó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi sá fún un. Èyí tí ó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ jù ni ti Facebook. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, Mark Zuckerberg sọ pé tó ìdajì òṣìṣẹ́ òun lè máa ṣiṣẹ́ láti òkèèrè láàárín ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kó lọ sí ibi tí nǹkan ti rọ̀, owó oṣù rẹ̀ yóò bá ibẹ̀ mu. Ẹ wo bí ìrònú náà ti rí. Bí ilé òṣìṣẹ́ bá rọ̀, ó kan ọ̀gá, a ó sì yọ ọ́ nínú owó rẹ̀. Bí ilé kan náà bá di ọ́fíìsì ọ̀gá láti àárọ̀ di alẹ́, a ní ilé onílé ni, kò kan ẹnìkan.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá. Ní 2014, Andela bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà, ó sì ń fi wọ́n sí iṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè. Lábẹ́ òrùlé rẹ̀, bí iná bá lọ, ilé-iṣẹ́ ni yóò wá nǹkan ṣe sí i. Ní 2020 ó kúrò nínú àwọn ilé rẹ̀, kálukú sì di ará ilé ara rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Lítà epo tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan tí ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ará Amẹ́ríkà láti Ìbàdàn sọ fún mi pé, “Bàbá, èmi ni NEPA ara mi.” Dọ́là ni wọ́n ń fi san tirẹ̀, nítorí náà ẹ̀rín ni ó fi sọ ọ́. Ojúgbà rẹ̀ tí ń gba náírà lọ́wọ́ ọ̀gá tí ó wà ní Èkó ń ra epo kan náà, ó ń ra íntánẹ́ẹ̀tì kan náà. Mi ò rí òun kí ó rẹ́rìn-ín.

Láti 2022 ni ìpè padà ti ń dún. Zoom pàápàá, tí ó jẹ́ pé ìpàdé láti òkèèrè ni ọjà tí ó ń tà, sọ ní 2023 pé kí àwọn òṣìṣẹ́ tí ilé wọn kò jìnnà máa wá ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Amazon ní kí tirẹ̀ máa wá ní ọjọ́ márààrún láti ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 2025. Wọ́n ní àjọṣe àti àṣà iṣẹ́ ni àwọn ń wá. Mo gbà pé òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ ọ, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ Shirley ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn. Títí di òní, àwọn kan wà tí wọ́n nílò láti gbọ́ ìró táípù kí wọ́n tó gbà pé iṣẹ́ ń lọ.

Ní ìpínlẹ̀ California, òfin kan wà nínú ìwé òfin iṣẹ́ pé ọ̀gá gbọ́dọ̀ dá owó padà fún òṣìṣẹ́ tí ó bá fi owó ara rẹ̀ ra ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ kò lè ṣe kí ó má lò. Nígbà tí gómìnà pàṣẹ ní oṣù kẹta ọdún 2020 pé kí kálukú dúró sílé, òṣìṣẹ́ IBM kan ra ohun tí ó fi ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ: íntánẹ́ẹ̀tì, tẹlifóònù, ohun ìgbọ́rọ̀ etí, kọ̀ǹpútà. Ó bèèrè owó rẹ̀. IBM, tí ó ti ta mílíọ̀nù 58 ẹsẹ̀ bàtà ilé, dáhùn pé àṣẹ gómìnà ni ó fa ìnáwó náà, kì í ṣe òun. Ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́ gbè é lẹ́yìn. Ní oṣù keje ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà: kò kan òfin ẹni tí ó fa á, wọ́n ní, bí ó bá ti jẹ́ pé nítorí iṣẹ́ ọ̀gá ni a ṣe ná owó náà. Wọ́n sì dá ẹjọ́ náà padà sí ibi tí ó ti wá, kí wọ́n tún un gbọ́.